Ọkùnrin Onífìlà Inú Fídíò Ìkórè

Fẹ́mi, Àkànní ọmọ mi,

Mo ka ọ̀rọ̀ gígùn tí o kọ sórí fóònù mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì tún ní kí àbúrò rẹ kà á sí mi létí, bóyá ojú àgbà ló ṣì í kà. Ohun kan náà ló jáde. Ayọ̀ ló kọ́kọ́ kún inú mi. Ọmọ mi ti rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Àkúrẹ́, wọ́n ti fún un ní tábìlì tirẹ̀, wọ́n sì ti gbé àpótí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan fún un pé kí ó kó ohun inú wọn sórí kọ̀ǹpútà. Ọlọ́run tó ṣí ilẹ̀kùn yẹn kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ ní ìloro rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo dé ibi tí o kọ ọ́ sí pé: "Màámi, ẹ̀yin náà wà ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n pa Tísà Àgbà. Mo ti rí ẹni tó ṣe é. Ọkùnrin onífìlà kan wà nínú fídíò náà tó ń ṣe àmì. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi, inú rẹ̀ dùn gan-an. A fẹ́ ṣe ètò lé e lórí."

Mo jókòó. Mo tẹ nọ́ńbà rẹ, mo sì pa á kó tó dún. O mọ ìyá rẹ: ẹnu mi kì í yá níbi tí ẹlòmíràn ti ń mí sí mi létí. Bírò ló máa ń gbọ́ tèmi. Nítorí náà, fara balẹ̀ ka lẹ́tà yìí dé òpin kí o tó tún fọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì yẹn.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Òǹdó nígbà tí mo dé Ìkẹ́rẹ́ láti kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Lára pátákó àwọn ilé ìjọba, wọ́n ti fi ọ̀dà bo "Òǹdó", wọ́n kọ "Èkìtì" lé e, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá mú, wàá ṣì máa rí "Òǹdó" lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀yọ́ ni mo ti wá. N kò mọ ẹnì kankan. Èdè wọn ń sáré kọjá mi. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, màá rò pé èmi ni wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí nínú kíláàsì, níbi tí mo ti lè rí gbogbo ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò ní rí mi. Mo mọ ẹni tó wọ bàtà tó rà láwìn, mo mọ ẹni tó ń dibọ́n pé òun ti jẹun. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọjá tí n kò sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

Yàrá kan ni mo háyà. Àwọn tó wà ní yàrá kejì sí tèmi ni Bọ̀dá Jósẹ́fù, ìyàwó rẹ̀ tí à ń pè ní Ìyá Tóyìn, àti Tóyìn ọmọ wọn. Ìyá Tóyìn ń ta gàrí ní iwájú ilé. Òun ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn mi. "Ọmọ Ọ̀yọ́, n kò gbóòórùn ọbẹ̀ láti àárọ̀. Wá jẹ uyán." Mo ní mo ti jẹun. Ó ní, "Irọ́ ni. Àwọn ará Ọ̀yọ́ a máa purọ́ oúnjẹ báyìí?" Mo jẹ ẹ́ títí mo fi lá ọwọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti gún iyán, tèmi ń bẹ níbẹ̀. Bọ̀dá Jósẹ́fù kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Awakọ̀ ni. Ọ̀gá rẹ̀ ni Tísà Àgbà.

Tísà Àgbà ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó wá ń du ipò alága ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n fi í ṣe alága ìkórè ní ìjọ kan ní abúlé oníkòkó lọ́nà Èmùré. Lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí wọ́n jókòó sábẹ́ ìbòòji tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta iṣu ìkórè, ìbọn dún láti inú oko kòkó tó wà lẹ́yìn ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Tísà Àgbà kò dé ilé ìwòsàn.

Onífídíò kan wà níbẹ̀, Ọ̀gá Kámẹ́rà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Òun ló ya ìkórè náà. Kò pẹ́ tí ẹ̀dà fídíò rẹ̀ fi dé ilé fídíò tó wà nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí wọ́n ń fi í han ènìyàn lọ́sàn-án bí ẹni ń fi bọ́ọ̀lù hàn. O ti wò ó, ìwọ náà mọ̀ ọ́n: alága ń wọlé, àwọn ẹgbẹ́ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan síwájú pẹpẹ, akọrin, àwọn ọmọdé; lẹ́yìn wọn, awakọ̀ kan dúró lẹ́bàá mọ́tò, ó ṣí fìlà, ó fi í júwe sí apá oko. Àwòrán já. Nígbà tó padà dé, ẹsẹ̀ àwọn tó ń sá ló kù, bẹ́ǹṣì ti dojú dé, obìnrin kan ń pe Jésù.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ yọjú wò ó kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn wọn dá mi dúró.

"Orí táńkì omi ni ẹni tó yìnbọn wà. Sójà ni."

"Táńkì wo? Ṣé o rí táńkì nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn?"

"Wọ́n ti gé táńkì kúrò ni. Ṣé o ò rí ibi tó ti já ni? Ìjọba ló gé e."

"Ẹ̀yin ò mọ nǹkan. Bàbá yẹn ò kú. Ẹ̀gbọ́n mi rí i ní Kàdúná, ó ti dá irùngbọ̀n sí."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń mu ògógóró yẹn?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, ojú mi wà lára àwòrán. Mo wá gbọ́ ohùn ara mi: "Ẹ wo awakọ̀ yẹn. Ó ṣí fìlà, ó júwe sí oko, àwòrán já. Kò sí nǹkan mìíràn láàárín."

 Wọ́n dá fídíò náà padà sẹ́yìn. Wọ́n tún un wò. Ẹnì kan ní, "Háà!" Ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì wa tí kò tíì kí mi rí dìde, ó fún mi ní àga rẹ̀. "Àǹtí, ẹ jókòó. Ojú yín mà mú o! Ẹ tún ṣàlàyé fún wọn."

Mo sì tún ṣàlàyé. Àkànní, má dá mi láre níbí yìí. Mo mọ ẹni tí awakọ̀ náà í ṣe. Iyán rẹ̀ ni mo jẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú. N kò dárúkọ rẹ̀, mo ń tan ara mi pé "awakọ̀" lásán ni mo wí. Ta ni ní Ìkẹ́rẹ́ tí kò mọ awakọ̀ Tísà Àgbà? Títí di ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn tí n kò mọ̀ ń kí mi lójú ọ̀nà. Wọ́n ń dá àyè sí fún mi nínú kíláàsì. Mo ní ọ̀rẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé.

Èyí ni ìmọ̀ràn kìn-ín-ní, mo sì fi í ṣíwájú nítorí pé òun ló sún mọ́ ọ jù lónìí. O kọ ọ́ pé inú ọ̀gá rẹ dùn gan-an. Ṣọ́ra fún ọjọ́ tí ènìyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ. Ó dùn ju oyin lọ, pàápàá fún irú àwa tí a kì í sọ̀rọ̀. Bí ohun tí o rí bá ti ń sọ ọ́ di ẹni ńlá, tún lọ wò ó. Ẹyin lohùn, èmi ni mo jù ú sílẹ̀, ilé ẹlòmíràn ló fọ́ sí.

Ó fọ́ lóòótọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wá sí ilé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n já fìlà lórí Bọ̀dá Jósẹ́fù, wọ́n gbé fìlà náà sókè lórí ọ̀pá, wọ́n sì wọ́ òun fúnra rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ń sọ pé, "Ẹ gbọ́ tẹnu mi, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná." Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni mo wà. Lójoojúmọ́ ni Ìyá Tóyìn ń gbé oúnjẹ sínú kúlà lọ fún un. Gàrí rẹ̀ jókòó níwájú ilé, àwọn oníbàárà ń rékọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nílé ìwé, wọ́n ń pe Tóyìn ní ọmọ apààyàn. Onílé ní kí wọ́n wá yàrá mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n rán wa lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ òjìji ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ní kí àwọn ọmọ ri ọ̀pá mọ́ ilẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n fi òkúta sàmì sí ibi tí òjìji rẹ̀ dé. Nígbà tó di ọ̀sán, a padà síbẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan pariwo pé, "Àǹtí, ọ̀pá ti gbé òjìji ẹ̀ mì!" Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo òkúta àárọ̀ náà, fídíò ìkórè ni mo ń rò.

Mo sáré lọ sí ilé fídíò lẹ́yìn iṣẹ́, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un fi hàn mí. Òjìji Bọ̀dá Jósẹ́fù nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò bí igi ọ̀pẹ tó wó. Àwọn tó ń sá nínú àwòrán tó tẹ̀ lé e ń tẹ òjìji ara wọn mọ́lẹ̀. Àárọ̀ ni ti àkọ́kọ́. Ọ̀sán gangan ni ti èkejì. Wákàtí púpọ̀ ló wà láàárín fìlà yẹn àti ìbọn yẹn.

Ìwọ náà lọ wò ó. N kò fẹ́ kí o gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ nítorí pé mo jẹ́ ìyá rẹ.

Mo wá Ọ̀gá Kámẹ́rà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo bá a tó ń fi òwú nu ẹ̀rọ. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé bí ọjọ́ yẹn ṣe lọ ni ẹ ṣe to fídíò yìí?"

Ó wò mí bí ẹni tó béèrè bóyá omi ń tutù. "Kí ló dé tí màá fi tò ó bẹ́ẹ̀? Ṣé awakọ̀ ni yóò ṣíwájú alága ni? Àwọn awakọ̀ ló kọ́kọ́ dé láàárọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú fídíò tèmi, alága ló ń kọ́kọ́ wọlé, ìyá ìjọ tẹ̀ lé e, àwọn ẹgbẹ́ ní ipò-ipò, akọrin, àwọn ọmọdé. Awakọ̀ ló ń kẹ́yìn. Bí mo bá tò ó bí wọ́n ṣe dé, àwọn àgbà ìjọ á lù mí."

"Kí ló wá ń júwe sí?"

"Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ àwọn ìyá ló ń júwe ọ̀nà fún, kí wọ́n wá páàkì sábẹ́ igi. Bọ́ọ̀sì ọ̀hún wà nínú ìyá kásẹ́ẹ̀tì, èyí tí mo kọ́kọ́ fi ya gbogbo rẹ̀. Mo gé e ni, ó ti gùn jù."

"Ibi tó já ńkọ́, sà? Wọ́n ní ìjọba ló gé e."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ìjọba! Oúnjẹ ni wọ́n gbé dé. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kìlọ̀ fún mi: àgbà tí òkèlè wà lẹ́nu rẹ̀ kò ṣe é yà. Mo pa kámẹ́rà, mo bu tèmi náà. Ìró ìbọn ni mo gbọ́ tí mo fi tún un tàn."

"Ẹ̀yin mọ gbogbo èyí, ẹ sì dákẹ́?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ta ló bi mí? Ẹ̀dà inú ilé fídíò ni ọlọ́pàá mú lọ. Ẹni tó bá ní òun ní ìyá kásẹ́ẹ̀tì lásìkò yìí, òun náà ní ẹjọ́. Mo ní ọmọ mẹ́rin."

Fẹ́mi, nínú gbogbo ìlú tó ń jà lórí fídíò yẹn, kò sẹ́ni tó lọ bá ẹni tó yà á. Èmi tí wọ́n ní ojú mi mú, èmi náà kò lọ. A gbà pé bí àwòrán bá ṣe tẹ̀ léra ni ayé ṣe tẹ̀ léra. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni fún ọ, kọ́kọ́ béèrè ìlànà ọwọ́ rẹ̀. Kí ló ń fi síwájú, kí ló ń gé, kí ni ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ pé kò gbọ́dọ̀ yà? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ. Má sì ṣe rò pé gbogbo ibi tó bá ṣófo ni ẹnì kan fi nǹkan pamọ́ sí. Nígbà mìíràn, oúnjẹ ló dé.

Mo bẹ Ọ̀gá Kámẹ́rà fún ọjọ́ mẹ́ta pé kó gbé ìyá kásẹ́ẹ̀tì náà lọ fún ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ kẹta ó ní, "Màá gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ fìlà yìí bá mi lọ, kó wí i lójú àwọn àgbà. Mo gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ni."

Mo ní, "Èmi ni, sà." Mo sì sunkún. Mo ní n kò lè dúró níwájú ènìyàn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má dárúkọ mi.

Ó ní, "Ọmọ yìí, o lójú, ṣùgbọ́n o ò láyà."

Òun àti olùṣọ́-àgùntàn àti àgbà ìjọ méjì ló lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n wo kásẹ́ẹ̀tì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n rí bọ́ọ̀sì náà tó yí wọlé láàárọ̀, wọ́n sì dá Bọ̀dá Jósẹ́fù sílẹ̀.

O lè rò pé ó parí síbẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní òwe yẹn, n kò sì gbà á gbọ́ tán mọ́. Òótọ́ bá irọ́ yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irọ́ yà fún un, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Mo gbọ́ ọ nínú takisí lọ́nà Adó: "Onífídíò tó lè tò ó lẹ́ẹ̀kan, ṣé kò lè tún un tò ni?" Ẹlòmíràn ní wọ́n ti kọ́ ilé fún awakọ̀ náà ní Ìlawẹ̀. Mo mọ ohun tó ní: àpò aṣọ méjì àti àga onígi mẹ́ta. Mo rí wọn nígbà tí wọ́n ń kó wọn sínú ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí oko àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Ìgbàrà-Odò, nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ awakọ̀ mọ́.

Ìyá Tóyìn wá sí ẹnu ọ̀nà mi lọ́jọ́ náà, ó gbé odó kékeré lọ́wọ́. "Ọmọ Ọ̀yọ́, gbà, kí ebi má pa ọ́. Nínú ulé yìí, ìwọ nìkan ni ò bá wọn bú wa."

Mo gbà á. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Odó tí o mọ̀ nínú kíṣìnì wa, òun ni. Gbogbo ìgbà tí o bi mí pé kí ló dé tí n kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọ̀ ọ́, ìdáhùn rẹ nìyí.

Ìmọ̀ràn mìíràn ṣì kù, n kò mọ iye rẹ̀ mọ́. Kọ́ ẹnu rẹ láti máa sọ pé "n kò mọ̀." Títí di òní, n kò mọ ẹni tó pa Tísà Àgbà. Ènìyàn rere ni, ikú rẹ̀ sì ń dùn mí, ṣùgbọ́n òkú tí a kò mọ ẹni tó pa á kò sọ pé kí a máa fi ẹni tí ó bá wà nítòsí dí àyè náà. Bí ọ̀gá rẹ bá ní ètò kò lè dùn láìsí orúkọ apààyàn, sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé orúkọ náà kò sí lọ́wọ́ rẹ. Bá a sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, má sọ ọ́ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Ọ̀gá tí a bá dójú tì kì í gbọ́ràn. Bí iṣẹ́ bá bọ́ nítorí rẹ̀, ilé ń bẹ. Àti pé, jẹun kí o tó jókòó ti ẹ̀rọ yẹn láàárọ̀. Àbúrò rẹ ní o ti rù.

Ó lè ju ọdún mẹ́ta lọ báyìí tí mo pàdé Tóyìn níbi ìpàdé àwọn olùkọ́. Òun náà ti di tísà. Ó dì mọ́ mi, ó ń pè mí ní Àǹtí Ọ̀yọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ó ní àwọn òbí òun wà láyé, wọ́n ṣì wà lóko. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní bàbá òun kò dé fìlà mọ́ láti ìgbà náà, kódà lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun, orí lásán ló fi mú òun wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àna ń bínú, wọ́n rò pé ó ń fojú di wọ́n. Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú. Mo ní kó bá mi kí wọn.

Ìwọ lo wá gbé e dé báyìí. Bí o bá gbé àwòrán yẹn jáde bí o ṣe fẹ́ gbé e, gbogbo ìpínlẹ̀ ni yóò tún rí bàbá arúgbó yẹn tó ń ju fìlà. Ẹnu mi ló ti jáde nígbà àkọ́kọ́. N kò ní jókòó kó tún ti ọwọ́ ọmọ mi jáde.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, mo ń lọ sí Ìgbàrà-Odò. Mo ti pe Tóyìn pé kó sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé mo ní ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé kò sí o, Àǹtí?" Mo ní ó wà. N kò mọ bí wọn yóò ṣe gbà mí. Wọ́n lè lé mi, wọ́n sì jàre. Bí o bá ráyè, wá kí a jọ lọ, ṣùgbọ́n má gbé kámẹ́rà dání. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọn yóò pè ọ́ fúnra wọn.

Bí ètò náà bá sì wá wáyé, tí o dé ibi fìlà, má sọ pé "àwọn ará ìlú sọ pé." Sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ọ̀yọ́, tí ń jẹ iyán awakọ̀ náà, ló kọ́kọ́ sọ ọ́, pé kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀, kí o sì dárúkọ mi ní kíkún.

Kí Ọlọ́run la ojú rẹ, kí ó sì fún ọ láyà tí yóò gbé ohun tí ojú bá rí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.